Ṣé Kí N Tún Rà Á? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ti Ní Fíìmù Kan Nílé Tí Wọ́n Tún Gbé Ẹ̀dà Olówó Ńlá Rẹ̀ Jáde

Fíìmù tí ẹ ti ní, tí ẹ ti wò títí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi wà lórí ahọ́n yín, ni wọ́n tún gbé jáde yìí. Páálí rẹ̀ nípọn, ó ń dán, ìwé wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ 4K gàdàgbà sí i lára. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kó àwo fíìmù jọ, kò sì sí ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí tó èyí. Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jùlọ jọ síbí. The Lord of the Rings ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé òun ni mo mọ ìtàn títà rẹ̀ dunjú, apá kan ìtàn náà sì kàn mí fúnra mi.

Ṣebí fíìmù kan náà ni? Kí ló tún lè yàtọ̀ nínú rẹ̀?

Ohun tí wọ́n ti ara rẹ̀ fọ àwòrán náà ni. Ẹ rántí ilé fọ́tò ìgbà kan. Bí ẹ bá ya fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò tí wọ́n ti fọ̀ ni ẹ ó gbà lọ sílé, fọ́tògíráfà á sì tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù inú kámẹ́rà tó ti ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, pa mọ́. Ká ní lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ẹ wá fẹ́ kí ó fọ èyí tó tóbi fún yín. Ó lè padà sí nẹ́gẹ́tíìfù, kí ó fọ tuntun, kí ẹ sì rí òwú ara aṣọ òkè ìyàwó ní ẹyọ ẹyọ. Ó sì lè gba fọ́tò tó ti ṣá lára ògiri lọ́wọ́ yín, kí ó ya fọ́tò náà ní fọ́tò, kí ó wá fẹ̀ ẹ́. Méjèèjì á tóbi. Àmọ́ nínú ìkejì, ṣíṣá ni ó fẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwo. DVD tó dé Amẹ́ríkà ní 1997 ń gba ìlà àwòrán 480 láti òkè dé ìsàlẹ̀, 576 ni tiwa àti ti Yúróòpù. Blu-ray tó dé ní 2006 ń gba 1,080. Ultra HD Blu-ray, èyí tí a ń pè ní 4K, dé ní 2016 pẹ̀lú 2,160. Fíìmù mílímítà 35 tí wọ́n tọ́jú dáadáa ní ohun tó pọ̀ nínú ju èyí tí DVD lè gbé lọ, nítorí náà àwo tuntun lè fi ohun tí ẹ kò rí rí hàn yín. Ṣùgbọ́n àwo kan náà lè ní ìlà 2,160 kó má sì fi nǹkan kan kún ohun tí ẹ ti ní, bó bá jẹ́ pé àwòrán àtijọ́ tí wọ́n ti kà wọ kọ̀ǹpútà ní ogún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n kàn fẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń dá ìbéèrè padà fún ẹni tó bá bi mí: láti ara kí ni wọ́n ti fọ̀ ọ́? Bí kò bá rí ìdáhùn sí i, kí owó rẹ̀ ṣì jókòó sápò.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n padà sí nẹ́gẹ́tíìfù?

Ẹ ka ẹ̀yìn páálí, kì í ṣe iwájú. Ilé iṣẹ́ tó bá padà sí nẹ́gẹ́tíìfù kì í fi pa mọ́, nítorí pé iṣẹ́ náà gbówó lórí. Wọ́n á kọ ọ́ pé láti ara nẹ́gẹ́tíìfù ti kámẹ́rà ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n á sọ ẹni tó bójú tó àwọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé “àwòrán tó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ” nìkan ni wọ́n kọ, ẹ fura. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwòrán tí àwọn èèyàn ti gbé kalẹ̀ láti fi ẹ̀dà àtijọ́ àti tuntun wé ara wọn, fírémù kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ má wo ojú òṣèré nìkan. Ẹ wo ewé igi tó wà lọ́nà jíjìn, ẹ wo ara aṣọ, ẹ wo ibi tó ṣókùnkùn jù nínú àwòrán bóyá nǹkan wà níbẹ̀ àbí òkùnkùn lásán. Ẹ wo etí fírémù náà pẹ̀lú, torí nígbà mìíràn ẹ̀dà tuntun máa ń gé díẹ̀ kúrò lápá ọ̀tún tàbí lókè.

Ẹ̀gbọ́n, mo ní The Lord of the Rings tẹ́lẹ̀. Èwo gan-an ni mo ní, èwo ló sì yẹ kí n rà?

Àbúrò mi, èyí ló gùn jù, jókòó.

Fíìmù mẹ́ta ni, Peter Jackson ló darí wọn ní ilẹ̀ New Zealand, wọ́n sì jáde ní 2001, 2002 àti 2003. DVD ti fíìmù àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹjọ 2002, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n wò ní sinimá, ìṣẹ́jú 178. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n ti gbé ẹ̀dà gígùn jáde, ìṣẹ́jú 208, àwo mẹ́rin nínú páálí tó dà bí ìwé aláwọ tó ti gbó. Àwo méjì gbé fíìmù, méjì gbé ohun tí wọ́n pè ní Àfikún, ìyẹn ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe fíìmù náà. Bí ẹ bá ní páálí mẹ́ta bẹ́ẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwo méjìlá, ẹ ní ọ̀kan nínú ẹ̀dà DVD tó dára jùlọ tí ẹnikẹ́ni ṣe rí lójú tèmi. Ìdí tí wọ́n fi pín fíìmù kan sórí àwo méjì ni pé ojú kan àwo DVD kì í gbà ju nǹkan bí jígábáìtì mẹ́jọ àbọ̀ lọ. Àwo kan tó kó fíìmù mẹ́wàá, tí a máa ń rà lójú ọ̀nà nígbà yẹn, inú ìwọ̀n kan náà ni ó há gbogbo wọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwòrán wọn fi máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá ti ń sáré nínú rẹ̀.

Ní 2006 wọ́n tún kó ẹ̀dà sinimá àti ẹ̀dà gígùn pọ̀ sórí àwo kan náà tó ní ojú méjì, wọ́n fi fíìmù tí Costa Botes yà nígbà iṣẹ́ náà kún un. Ní 2010, Blu-ray ti ẹ̀dà sinimá jáde. Àwọn tó lójú sí nǹkan ráhùn pé àwòrán fíìmù àkọ́kọ́ ti di pẹ́lẹ́bẹ́ jù. Ní 2011, Blu-ray ti ẹ̀dà gígùn dé, àwo 15. Fíìmù wà lórí Blu-ray mẹ́fà, àwọn àfikún ṣì wà lórí DVD mẹ́sàn-án. Ti fíìmù àkọ́kọ́ nínú èyí ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù: wọ́n ti tún àwọ̀ rẹ̀ tò, àwọ̀ ewé sì ti yọ́ wọ inú gbogbo ohun tó yẹ kó funfun. Bí ẹ bá wo ibi tí wọ́n ti ń gun òkè oníyìnyín, ẹ ó rí i pé yìnyín náà kò funfun tán.

Ní 2020, 4K dé, àwo mẹ́sàn-án, ẹ̀dà sinimá àti ẹ̀dà gígùn pọ̀. Jackson fúnra rẹ̀ bójú tó o. Wọ́n padà sí fíìmù tí kámẹ́rà yà, wọ́n tún àwọ̀ rẹ̀ tò, àwọ̀ ewé yẹn sì lọ. Òótọ́ ni pé àwọn àwòrán tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe nígbà náà kéré ju 4K lọ, wọ́n ní láti fẹ̀ wọ́n. Bí ẹ bá fara balẹ̀ ẹ ó rí ibi tí ó ti rọ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, fún àwòrán, òun ni mo fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n kò sí àwọn àwo Àfikún nínú rẹ̀. Ẹ̀dà olówó gọbọi tó tẹ̀lé e ní 2021, tó ní àwo 31 tó sì kó fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta The Hobbit, ìtàn tó ṣáájú rẹ̀, mọ́ ọn, kò kó wọn wá bákan náà. Àwo mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì sí èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, kò tíì tán lára mi.

Nítorí náà: bó bá jẹ́ DVD àwo méjìlá lẹ ní, ẹ ra 4K ti 2020, kí ẹ sì fi DVD yẹn sílẹ̀ níbi tó wà. Bó bá jẹ́ Blu-ray àwo 15 lẹ ní, bákan náà. Bó bá jẹ́ pé 4K yẹn lẹ ní, ẹ má ra ti àwo 31 àfi bí ẹ bá fẹ́ The Hobbit náà.

Ṣé kí n wá ta ti àtijọ́ kí n fi kún owó tuntun?

Rárá. Mo ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ra Blu-ray fíìmù kan tí mo fẹ́ràn, mo gbé DVD rẹ̀ fún ẹni tó ń ta àwo tòkunbọ̀, inú mi dùn pé àyè ti ṣí sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ fi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan tó wà nínú rẹ̀ han ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ kámẹ́rà. Kò sí nínú ti tuntun. Wọn kò kọ ọ́ sí ibì kankan pé àwọn yọ ọ́ kúrò, ńṣe ni wọn kò mẹ́nu kàn án. Èmi ni mi ò ka ẹ̀yìn páálí méjèèjì papọ̀ kí n tó ta ọ̀kan. Mo tún DVD yẹn rà ní ìlọ́po mẹ́ta iye tí mo tà á, ẹlòmíràn sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.

Àfikún ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, nítorí pé ẹ̀tọ́ sí wọn máa ń wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọn kì í sì í san owó náà lẹ́ẹ̀kejì. Àlàyé olùdarí tó ń bá fíìmù lọ, ohùn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́ ní sinimá, àwọn ìran tí wọ́n gé kúrò: ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn ti àtijọ́, ẹ ka ti tuntun, ẹ fi bírò sàmì sí ohun tí kò sí. Iṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ilé mi ni tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 50. Ṣé ojú mi tiẹ̀ máa rí ìyàtọ̀ 4K?

Ẹ mú tépù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, kí ẹ wọn ìjìnnà àga yín sí tẹlifíṣọ̀n. Lórí ínǹṣì 50, bí ẹ bá ti jókòó kọjá bíi mítà méjì, ojú tó ríran dáadáa kò ní lè fi ìlà 1,080 àti 2,160 ya ara wọn. Ọ̀pọ̀ pálọ̀ wa sì jìn ju mítà méjì lọ. Bó bá jẹ́ tìtorí ìlà nìkan lẹ ṣe fẹ́ ra 4K, Blu-ray tí wọ́n ṣe láti ara àwòrán tuntun kan náà tí wọ́n fọ̀ láti nẹ́gẹ́tíìfù tó yín.

Ìlà nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ ṣá. Àwo 4K máa ń gbé ohun tí wọ́n ń pè ní HDR, tó ń jẹ́ kí iná mọ́lẹ̀ gidi kí òkùnkùn sì ṣú gidi nínú àwòrán kan náà. Ìyẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú ibi tí ẹ jókòó sí, láti ìdí ilẹ̀kùn lẹ ó ti rí i. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n tí kò wọ́n púpọ̀ lè kọ HDR sí ara kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má tó o ṣe. Bí tiyín bá jẹ́ irú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kó owó jọ fún tẹlifíṣọ̀n, àwo á dúró dè yín.

Àwòrán fíìmù tuntun tí mo rà ní nǹkan kan bí eruku tó ń gbọ̀n lójú rẹ̀. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Wọn kò rẹ́ yín jẹ. Hóró inú fíìmù nìyẹn, òun gan-an ni wọ́n fi ya àwòrán náà. Ó dà bí eruku tó máa ń yí nínú ìtànṣán oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé. Bí ẹ bá nù ún kúrò, ẹ ó nu àwòrán mọ́ ọn.

Àwọn kan ti nù ún kúrò. Blu-ray ti Predator tó jáde ní 2010 ni àpẹẹrẹ tí gbogbo èèyàn máa ń mú wá: wọ́n fi kọ̀ǹpútà nu hóró rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àwọn sójà inú igbó fi ń dán bí àbẹ́là, òógùn wọn kò sì jọ òógùn mọ́. Àwọn tó ti ní Blu-ray àkọ́kọ́, tó ní hóró tó sì dọ̀tí díẹ̀, ló ṣe rere nítorí pé wọn kò tà á. Ohun tó jọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí 4K ti Terminator 2 ní 2017, nítorí pé ẹ̀dà tí wọ́n ti nù fún 3D ni wọ́n ti ara rẹ̀ ṣe é. Tẹlifíṣọ̀n yín náà lè máa nù ún láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ wọ inú sẹ́tìńgì, ẹ pa ohun tó ń mú àwòrán yọ̀ tẹ̀rẹ̀rẹ̀ bíi ti eré tẹlifíṣọ̀n ọ̀sán, ẹ pa ohun tó ń pọ́n etí àwòrán.

Ẹ̀dà gígùn ló dára ju ti sinimá lọ ní gbogbo ìgbà, àbí?

Rárá o. Èrò mi nìyí, ẹ sì lè takò mí. Fún fíìmù àkọ́kọ́ nínú The Lord of the Rings, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí wọ́n fi kún un jẹ́ kí a mọ àwọn èèyàn kúkurú tí ìtàn náà dá lé lórí nílé wọn kí wàhálà tó dé. Mi ò lè padà sí ti sinimá mọ́. Fún ẹ̀kẹta, nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú ni wọ́n fi kún un, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì pa ìyanu tí fíìmù náà ti ń tọ́jú dè wá. Ti sinimá ni mo máa ń wò fún ìyẹn.

Blade Runner ni ẹjọ́ rẹ̀ lọ́jú jù. Ó jáde ní 1982 pẹ̀lú ohùn òṣèré rẹ̀, Harrison Ford, tó ń ṣàlàyé ohun gbogbo. Ní 1992, wọ́n yọ ohùn yẹn kúrò nínú ẹ̀dà tí wọ́n pè ní ti olùdarí. Ní 2007, Ridley Scott tó darí rẹ̀ wá fúnra rẹ̀ parí èyí tó wù ú, ó sì tún àwọn àṣìṣe àtijọ́ ṣe. Ọ̀kan nínú wọn wà níbi tí obìnrin kan ti ń sá la gíláàsì já: ojú ẹni tó dúró fún òṣèré náà ló ń hàn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi ojú Joanna Cassidy rọ́pò rẹ̀. Páálí tó dà bí àpótí àwọn lọ́yà, tí wọ́n tà ní 2007, kó ẹ̀dà márùn-ún pọ̀, títí kan èyí tí wọn kò tíì parí tí wọ́n fi dán àwọn èèyàn wò. 4K ti 2017 rẹwà gan-an, mo rà á, mo sì gbà yín nímọ̀ràn láti rà á. Àmọ́ ẹ̀dà ti ìdánwò yẹn kò bá a wá. Ẹ̀yin tí ẹ ní páálí ti 2007, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Wọ́n kọ ọ́ pé olùdarí fọwọ́ sí i. Ṣé ìyẹn kò tó?

Ó dára, kò tó. Ọdún máa ń gorí ọdún, ojú olùdarí náà á sì yí padà. William Friedkin tó darí The French Connection bójú tó Blu-ray rẹ̀ ní 2009, ó fọ àwọ̀ rẹ̀ títí ó fi di nǹkan mìíràn. Owen Roizman, ẹni tó di kámẹ́rà fíìmù náà mú, bínú sí i ní gbangba. Nígbà tó yá, wọ́n tún un ṣe, ẹ̀dà 2012 sì padà jọ ara rẹ̀. Ẹni tó dúró díẹ̀ ló jèrè.

Star Wars ni ti pé olùdarí fọwọ́ sí ohun kan tí kò jẹ́ kí èyí tí a wò nígbà èwe wà mọ́. George Lucas tún un ṣe ní 1997, ó tún fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà kan tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ta ẹ̀dà ti sinimá lórí DVD ni 2006, gẹ́gẹ́ bí àfikún, wọ́n sì mú un láti ara ohun tí wọ́n ti ṣe fún LaserDisc, àwo ńlá tó ṣáájú DVD, ní 1993. Àwòrán rẹ̀ kò dára. Bí ẹ bá ní i, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Nàìjíríà ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi ní Houston ní Amẹ́ríkà ló fẹ́ rà á ránṣẹ́. Ṣé yóò ṣiṣẹ́?

Ó kù sọ́wọ́ irú àwo. Wọ́n pín ayé sí ẹkùn ẹkùn fún DVD: Amẹ́ríkà ni ẹkùn 1, Bírítéènì ni 2, Nàìjíríà ni 5. Lọ́jà wa, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD ló ń gba gbogbo ẹkùn, kò fi bẹ́ẹ̀ dààmú ẹnikẹ́ni. Blu-ray le jù bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà wà ní A, àwa àti Bírítéènì wà ní B pọ̀, nítorí náà èyí tí àbúrò yín ní Peckham ní London bá rà yóò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún wa, èyí tó ti Houston wá sì lè kọ̀ jálẹ̀. Kì í ṣe gbogbo Blu-ray ni wọ́n tì pa, ẹ bèèrè kí wọ́n tó sanwó. Àwo 4K kò ní ẹkùn rárá, ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ Blu-ray tó sábà máa ń wà nínú páálí kan náà pẹ̀lú rẹ̀ lè ní, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé orí Blu-ray yẹn ni àfikún wà.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ Blu-ray lásán kò lè ka àwo 4K. Ẹ̀rọ géèmù PS4 kò lè kà á, títí kan PS4 Pro. PS5 tó ní ojú àwo lè kà á.

Bó bá jẹ́ DVD Bírítéènì lẹ rà, ẹ lè ṣàkíyèsí pé fíìmù náà yá ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti ti fírémù 24 di 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Fíìmù ìṣẹ́jú 208 á parí ní nǹkan bí 200, ohùn gbogbo èèyàn á sì ròkè díẹ̀. Blu-ray ti tún èyí ṣe, ìdí kan ṣoṣo yìí sì ti tó fún àwọn kan tí mo mọ̀, tí etí wọn mú, láti tún ohun tí wọ́n ní rà.

Kí ló dé tí n kò fi ní wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn kọ́kọ́ ṣírò dátà. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé wíwo 4K lè jẹ tó jígábáìtì méje ní wákàtí kan. Ẹ̀dà gígùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta The Lord of the Rings lé ní wákàtí mọ́kànlá. Bí ẹ bá wò ó ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ó sún mọ́ 80 jígábáìtì, fún ìwò ẹ̀ẹ̀kan. Síbẹ̀ àwòrán rẹ̀ kò ní tó ti àwo, torí àwo 4K lè tú dátà sílẹ̀ dé megabit 128 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, íntánẹ́ẹ̀tì kì í sì í sábà gbé ju bíi 15 sí 25. Nínú èéfín, nínú òjò, nínú òkùnkùn lẹ ó ti rí ìyàtọ̀.

Ohùn rẹ̀ ńkọ́?

Bó bá jẹ́ sípíkà inú tẹlifíṣọ̀n lẹ fi ń gbọ́ ọ, ẹ má san kọ́bọ̀ nítorí ohùn tuntun.

Báàjì, káàdì, ère kékeré, páálí onírin, ṣé wọ́n tó owó?

Ìwé nìkan ni mo ń sanwó fún. Ìwé tí ẹni tó mọ̀ nípa fíìmù náà kọ lè yí bí ẹ ṣe ń wò ó padà. Ti Seven Samurai tí Akira Kurosawa darí ní 1954 ni mo kọ́kọ́ kà láti páálí dé páálí, nígbà tí Criterion, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ta àwo fíìmù àtàtà, gbé àwo mẹ́ta rẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n ti tà á lórí DVD ní 1998, wọ́n tún tà á lórí Blu-ray ní 2010, lórí 4K ní 2024 lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Toho tún fíìmù náà ṣe ní Japan. Ìgbà mẹ́rin. Wọ́n ń gbé àlàyé kan náà tẹ̀lé e láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà, wọn kò sọ ọ́ nù, èyí sì ni ìwà tí mo fẹ́ rí lọ́wọ́ gbogbo ilé iṣẹ́.

Ṣé kí n rà á lọ́jọ́ tó bá jáde?

Ẹ dúró oṣù mẹ́ta. Lákòókò yẹn, àwọn tó kánjú á ti rí àṣìṣe inú rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó bá lójútì á ti máa pààrọ̀ àwo tó bàjẹ́, owó rẹ̀ á sì ti máa sọ̀kalẹ̀. Àyàfi bí iye tí wọ́n tẹ̀ bá kéré, ìyẹn lè tán. Nígbà náà pàápàá, páálí ló ń tán, fíìmù náà sábà máa ń padà wá nínú páálí lásán.

Fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà ńkọ́? Ti Yorùbá ńkọ́?

Mo dúpẹ́ pé ẹ bèèrè. Ẹ mú Touki Bouki, tí Djibril Diop Mambéty yà ní Dakar ní 1973. Criterion kọ́kọ́ tà á ní 2013 nínú páálí fíìmù mẹ́fà tí ètò World Cinema Project ti Martin Scorsese tún ṣe. Ní 2021, wọ́n tà á ní òun nìkan, wọ́n sì fi Contras’City kún un, fíìmù kúkurú tí Mambéty ṣe ní 1968. Mo ti ní páálí mẹ́fà yẹn, mo tún ti 2021 rà, n kò sì kábàámọ̀ ọn, nítorí fíìmù kúkurú yẹn. Eyimofe, tí àwọn ìbejì Esiri yà ní Èkó lórí fíìmù mílímítà 16, wọ ọwọ́ Criterion ní 2022. Ẹ ra ìyẹn ní àkọ́rà, kò tíì kan àtúnrà.

Fún ti Yorùbá, ẹ mọ irú èyí tí ẹ ń bá dòwò pọ̀. Àwọn fídíò tí wọ́n fi kámẹ́rà kásẹ́ẹ̀tì yà ní àwọn ọdún 1990 kò ní nẹ́gẹ́tíìfù. Kásẹ́ẹ̀tì tí kámẹ́rà yà ni ìpẹ̀kun rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé 4K irú rẹ̀ wá bá yín, fífẹ̀ ni wọ́n fẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà tó bá wá láti ara kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, tí kì í ṣe àdàkọ ti àdàkọ, ni kí ẹ wá, bó tiẹ̀ jẹ́ VCD. Ti Hubert Ògúǹdé yàtọ̀. Aiye ti 1979, Jaiyesimi ti 1980, Aropin N’Tenia ti 1982: orí fíìmù gidi ni wọ́n yà wọ́n sí. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fọ ọ̀kan nínú wọn láti ara nẹ́gẹ́tíìfù, kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páálí, mo máa ra méjì: ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún bàbá mi tó wò ó ní gbọ̀ngàn.

Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ra The Lord of the Rings?

Ẹ̀ẹ̀mẹta. DVD mẹ́ta àwo mẹ́rin mẹ́rin, bí wọ́n ṣe ń jáde láti 2002 dé 2004. Blu-ray ti 2011, tí mo rà lọ́sẹ̀ tó jáde láìka ohunkóhun, tí mo sì ń wo yìnyín tó láwọ̀ ewé fún ọdún mẹ́sàn-án. Ti 4K, mo dúró títí di oṣù kẹrin 2021 kí n tó rà á. DVD yẹn ṣì wà lórí pẹpẹ, mo tò wọ́n ní òòró, níbi tí oòrùn kò dé, àwo Àfikún wọn ṣì ń ṣiṣẹ́.